Ìlú Tí Òkun Ti Ń Pẹ́ Lẹ́nu Iṣẹ́

Sí Abẹ́rẹ́, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Aago mẹ́jọ òwúrọ̀ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàlá ni mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí, mo sì kọ ọ́ sókè níbí kí ẹnikẹ́ni má baà bá mi jiyàn lọ́jọ́ iwájú. Ṣé dáadáa lo jí? Ṣé ara ti ń le? Ṣé oorun ti ń kùn ọ́ báyìí, àbí o ṣì ń fi ojú méjèèjì ṣọ́ àjà bí ìyá rẹ ṣe sọ fún mi? Ọlọ́run tó dá ọ sí lórí àtẹ̀gùn kò ní fi ọ́ sílẹ̀ ní pẹ̀tẹ́lẹ̀. O ò ní sáré títí kó o má bá nǹkan. Ire tó ń wá ọ kiri kò ní dé kó bá ilẹ̀kùn ní títì. Àmín.

Lẹ́yìn ìkíni, mo tọrọ àforíjì, torí lẹ́tà yìí pẹ́. Ọjọ́ kẹwàá tí mo bá ti dé ìlú etí òkun yìí ló yẹ kí èsì mi tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, òní sì ni ọjọ́ kọkànlélógún. Ọjọ́ mọ́kànlá gbáko ni mo fi pẹ́. O mọ̀ mí, o mọ̀ pé ọdún méjìdínlógójì ni mo fi jókòó sẹ́nu géètì ilé ìlagi, tí mò ń kọ àsìkò tí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan wọlé, tí mo sì ń lu agogo, mi ò sì fi ìṣẹ́jú kan pẹ́ rí, kódà lọ́jọ́ tí wọ́n bí ọ, mo lu agogo tán kí n tó wá wo ojú ẹ. Nítorí náà má rò pé mo fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ rẹ. Ó ní ohun tó fà á, ohun náà ni mo sì fẹ́ rò fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀, kó o má baà ní mo fo ibì kan.

Ká tó débẹ̀, ìròyìn ilé rèé bí ìyá rẹ ṣe sọ ọ́ fún mi lórí fóònù lánàá. Orúnkún rẹ̀ ti sàn díẹ̀, ó ní kò dun òun mọ́, ó kàn ń dún bí ilẹ̀kùn ni. Adìẹ rẹ̀ pupa ti pa ọmọ mẹ́sàn-án. Àwọn ará ilé ìlagi ti ra ẹ̀rọ kan tí òṣìṣẹ́ ń ki ìka bọ̀ lẹ́nu kó tó lè wọlé, ẹ̀rọ náà ló sì ń kọ ẹni tó bá pẹ́. Mo bi ìyá rẹ pé bí ẹ̀rọ bá kọ ọ́ tán, ta ló wá ń wo onítọ̀hún lójú, torí ẹni tó pẹ́ kì í bẹ̀rù ìwé, ojú ló ń bẹ̀rù. Ó ní kí n jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ilé ìlagi sùn, pé ọdún kẹta rèé tí mo ti fẹ̀yìn tì. Ó tún ní kí n bi ọ́ bóyá ò ń jẹun. Tó o bá ń jẹun, sọ fún un. Tó o ò bá jẹun, èmi ni kó o sọ fún.

Ọ̀rọ̀ tó gbé mi wá síbí, ìwọ gan-an lo mọ̀ ọ́n jù, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n tún un kọ kó lè wà lákọsílẹ̀. Ó di oṣù kẹta báyìí tó o ṣubú lórí àtẹ̀gùn ọ́fíìsì yín, ní àjà kẹrin, níbi tó o ti ń sáré kí àsìkò má baà bá ọ níta, tí dókítà ní ẹ̀jẹ̀ rẹ ń ru, pé ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ ló yẹ kó ní irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀. O wá kọ̀wé sí mi pé o ti rí ìlú kékeré kan létí òkun, tí ara ti ń rọ èèyàn, tí wọ́n ń gun ìgbì lórí pákó, pé ibẹ̀ lo fẹ́ lọ máa gbé, kó o máa fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ nínú ilé, ṣùgbọ́n bí èmi bá ní rárá, o ò ní lọ. O gba yàrá méjì fún oṣù kan, o ní kí n bá ọ lọ wò ó, torí wọn ò fún ọ láyè níbi iṣẹ́. O sì fi fọ́ọ̀mù kan ránṣẹ́ tó o fa ìlà sí láàárín, pé kí n kọ ohun tó dára sí apá òsì, kí n kọ ohun tó burú sí apá ọ̀tún.

Mi ò ní purọ́ fún ọ. Kí n tó kúrò nílé ni mo ti kọ èsì. Rárá ni mo kọ, ojú ìwé méjì, mo kà á fún ìyá rẹ, mo fi sínú àpòòwé, mo lẹ sítáǹbù mọ́ ọn, mo tì í bọ àpò ẹ̀wù mi, kí ìrìn àjò má baà mú kó pẹ́. Ohun tó kàn kù ni kí n wá wo ìlú náà.

Obìnrin tó wà nínú fóònù tó o rà fún mi, ẹni tó ń júwe ọ̀nà, mo ní ẹjọ́ rẹ̀ láti rò. Nígbà tí ọkọ̀ gbéra, ó ní aago méjì kọjá ogójì ìṣẹ́jú la máa dé. Nígbà tó di aago méjì, ó ní ó di aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Kò tọrọ àforíjì. Nígbà tí awakọ̀ dúró ra epo, ó tún sún un sí aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ohùn rẹ̀ ò sì gbọ̀n rárá, àfi bíi pé ohun tó ti ń sọ láti àárọ̀ nìyẹn. Mo sọ fún un níwájú awakọ̀ pé nílé ìlagi, ẹni tó bá dán irú ẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mẹta á gba ìwé gbélé-ẹ. Ó ní kí n yà sọ́wọ́ òsì. Jọ̀wọ́ bá mi wá ọ̀gá rẹ̀ rí. Ohùn rẹ̀ dára, ìwà ló kù.

Ìyá onílé, àgbàlagbà obìnrin kan tó ti ṣe tíṣà rí, ní òun á dúró dè mí. Kò sí níbẹ̀. Ìwé pélébé kan ni mo bá lára ilẹ̀kùn pé kọ́kọ́rọ́ wà lábẹ́ ìkòkò òdòdó, kí n wọlé, kí n nasẹ̀, pé a máa ríra. Abẹ́rẹ́, kò kọ ìgbà tí a máa ríra. Ṣé lọ́la ni àbí lọ́run? Mo wọlé. Yàrá tó wà níwájú, ògiri rẹ̀ funfun, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí omi, tábìlì kan wà níbẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, yanrìn sì wà nílẹ̀ tí èèyàn ò lè gbá tán. Yàrá ẹ̀yìn kọjú sí àgbàlá, ibẹ̀ ni mo ti rí ẹnì kan tó wọ dúdú látòkè délẹ̀, tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn aṣọ tí kò mira. Mo kí i lẹ́ẹ̀mejì, kò dáhùn, mo ní ará ìlú yìí ò lẹ́kọ̀ọ́. Ìgbà tí mo súnmọ́ ọn ni mo rí i pé aṣọ rọ́bà tí ìyá onílé fi ń wọ omi ló sá síbẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin ni ìyá yìí, òun náà ń gun pákó.

Láti àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo ti ṣí ìwé àkọsílẹ̀. Mo gbé àga lọ síwájú ilé búrẹ́dì, torí wọ́n kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn pé àárọ̀ ni wọ́n ń ṣí, wọn ò sì kọ aago kankan sí i. Oníbúrẹ́dì dé ní aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, irun rẹ̀ ń kán tótó, ó fi pákó há abíyá. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ẹ̀, aago mẹ́jọ ló dé. Lọ́jọ́ kẹrin, aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lọ́jọ́ karùn-ún, aago mẹ́wàá ku ogún ìṣẹ́jú. Mo ní obìnrin yìí kò kàn ń pẹ́, ó ń tẹ̀ síwájú nínú ẹ̀. Mo bi í ní ohun tó fà á, ó ní bàbá, ẹ kú àárọ̀, ẹ gba búrẹ́dì, ó ṣì gbóná. Ó ti tì í sínú ààrò kó tó lọ sómi ni. Mo jẹ ẹ́ tìbínú tìbínú.

Àwọn tó ń gun pákó yìí ńkọ́? Àwọn àgbà ní òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Níbí, ìgbà tí òkun bá ń hó ruru gan-an ni tọkùnrin tobìnrin ń sáré gbé pákó, àwọn ẹni tó ní aya àti ọmọ nílé. Mo kà wọ́n lọ́jọ́ kẹta, wọ́n jẹ́ mẹ́rìnlélógún. Wọ́n jókòó lórí pákó láàárín omi, wọ́n jẹ́ kí ẹsẹ̀ wọn máa rọ̀ sílẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún sì kọjá tí wọn ò ṣe nǹkan kan tí mo lè kọ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ìgbì kan gbérí, ẹnì kan dìde lórí pákó rẹ̀, mo kà á dé mẹ́fà, ó ṣubú, gbogbo wọn hó yèè. Pákó náà pàápàá, mo fọwọ́ pa á: ó ká lórí, ó tín-ín-rín nídìí, kò sí ilé ìlagi tó máa jẹ́ kí irú ẹ̀ jáde ní géètì. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹrin, apá ọ̀tún fọ́ọ̀mù rẹ ti kún, mo ti yí i sẹ́yìn. Ohun tí mo kọ gbẹ̀yìn ni pé níbi iṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà tó o fẹ́ máa ṣe yẹn, kò ní sí géètì.

Ní ọjọ́ karùn-ún, eyín tó máa ń dùn mí ọ̀hún tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n júwe dókítà eyín fún mi, mo bá ilẹ̀kùn rẹ̀ ní títì, wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé bí ilẹ̀kùn bá wà ní títì, ẹ wo inú omi. Mo wò ó. Lóòótọ́ ló wà níbẹ̀, ó juwọ́ sí mi. Ó jáde wá, omi ń ṣàn nírùngbọ̀n rẹ̀, ó ní kí n la ẹnu níbẹ̀ létí òkun lójú gbogbo ayé, ó yọjú wò ó, ó ní kò le, pé kí n padà wá nígbà tí omi bá kúrò lára àpáta dúdú kan tó nawọ́ sí. Mo ní aago mélòó nìyẹn. Ó ní aago tó jẹ́ nìyẹn. Mo ní wọ́n ti rí mi fín, mo ní màá ká èyí mọ́ ibi irọ́.

Mo gbé àga síwájú àpáta dúdú, mo tẹjú mọ́ aago ọwọ́ mi. Aago kan kọjá ìṣẹ́jú méjìlélógún ni omi kúrò lára rẹ̀. Mo dìde fùú, mo fi ìwé há abíyá, igba ìṣísẹ̀ ó lé mẹ́wàá ni mo fi dé ẹnu ọ̀nà dókítà, mo ti ṣí bíírò sílẹ̀. Abẹ́rẹ́, ọkùnrin náà ló dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn pẹ̀lú aṣọ funfun tí wọ́n lọ̀ gbọnrangandan, irun rẹ̀ ti gbẹ, ó ti se àwọn irin rẹ̀ nínú omi gbígbóná, àga ti wà ní títẹ́. Ó bi mí bóyá nǹkan kan dá mi dúró lọ́nà, torí ó ti tó ìṣẹ́jú méjì tí òun ti ń retí mi. Èmi! Wọ́n ní èmi ni mo pẹ́! Ìtìjú yẹn ju eyín lọ.

Ó ní kí n padà wá lọ́jọ́ kejì, ní àsìkò àpáta náà kan náà. Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú méjìlá ló bọ́ sí. Lọ́jọ́ kẹta, aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú méjì. Nígbà tí mo délé, mo tẹ́ ìwé àkọsílẹ̀ sórí tábìlì, mo ṣírò ẹ̀: oníbúrẹ́dì ń fi àádọ́ta ìṣẹ́jú pẹ́ sí i lójoojúmọ́, dókítà eyín àádọ́ta, ìyá onílé, tí mo ti ń kọ ìgbà tó ń ti omi délé, òun náà àádọ́ta. Ohun kan wà tí iṣẹ́ géètì kọ́ mi. Ẹni tó ń pẹ́ kì í bá ẹnì kejì rẹ̀ pẹ́ bákan náà, eléyìí á ní táyà ló jò, tọ̀hún á ní ara ọmọ òun gbóná. Bí gbogbo òṣìṣẹ́ bá fi ìwọ̀n kan náà pẹ́, ọkọ̀ tó gbé wọn ló pẹ́. Mo wá ọkọ̀ tó gbé wọn títí, mo rí i pé òkun ni. Mo ṣí ojú ewé tuntun, mo kọ orúkọ rẹ̀: Òkun. Ó pẹ́. Ìṣẹ́jú àádọ́ta. Kò mú àlàyé kankan wá.

Mo gbé ìwé náà tọ ìyá onílé lọ gẹ́gẹ́ bí àgbà ìlú. Ó gbọ́ mi dópin, kò rẹ́rìn-ín, ó bu tíì fún mi, ó wá fi ohùn tí wọ́n fi ń bá ọmọ ilé ìwé sọ̀rọ̀ ṣàlàyé fún mi pé òṣùpá ni òkun ń tẹ̀ lé, pé òṣùpá sì ti ń fi nǹkan bí àádọ́ta ìṣẹ́jú pẹ́ sí i lójoojúmọ́ kí wọ́n tó bí bàbá bàbá mi. Mo ní ta ni ọ̀gá òṣùpá. Ó tún bu tíì kún ife mi. Mo pa ìwé dé, mo mu tíì mi, torí ọ̀rọ̀ náà ti kọjá géètì tí mo lè jókòó tì. Lọ́jọ́ náà ni mo kọ ohun àkọ́kọ́ sí apá òsì fọ́ọ̀mù rẹ: wọn kì í pẹ́. Ó dùn mí láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Gbogbo wọn ló ń dé lásìkò, àsìkò ọ̀hún ni kì í ṣe tèmi.

Àwọn èèyàn wá rí i pé mo mọ ìgbà tí omi ń lọ, ìgbà tó ń bọ̀. Oníbúrẹ́dì ló kọ́kọ́ bi mí ní ti ọ̀la, mo ṣí ìwé, mo sọ fún un, ó sì rí bẹ́ẹ̀ géérégé. Ni wọ́n bá ń wá. Mo kọ ìwé àsìkò tó máa tó oṣù kan, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀. Àtíbàbà kan wà létí omi tí wọ́n ń kó pákó sí, agogo irin ńlá kan so kọ́ níbẹ̀, ó ti dógùn-ún, kò ní okùn, wọ́n ní kò sẹ́ni tó ń lù ú. Ìlú tó ní agogo tí kò lù ú! Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Mo bọ́ táì tí ilé ìlagi fún mi lọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìn tì, mo so ó mọ́ ahọ́n agogo, láti ọjọ́ náà sì ni mo ti ń lù ú ní gbogbo ìgbà tí omi bá kúrò lára àpáta. Bàbá Alágogo ni wọ́n ń pè mí báyìí, búrẹ́dì ni wọ́n sì fi ń sanwó mi. Nínú gbogbo ìlú yìí, kò sẹ́ni tó níṣẹ́ gidi lọ́wọ́ bí èmi tí mo ti fẹ̀yìn tì.

Níbi tí a dé yìí ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Níjẹta, mo pẹ́. Yanrìn ló kó sí mi ní bàtà, mo jókòó létí omi pé kí n gbọ̀n ọ́n dànù, mo ní kí n kúkú fi omi ṣan ẹsẹ̀, omi náà wá bò mí dé ọrùn ẹsẹ̀, ó fà padà, ó tún wá. Mi ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Mi ò sùn. Mo kàn jókòó ni. Nígbà tí mo máa fi wo aago, ó ti fi ìṣẹ́jú méjìlá kọjá àsìkò agogo. Mo fọwọ́ ká ṣòkòtò, mo sáré, mo lù ú, mo dúró pé kí ẹni tó máa bú mi jáde wá. Kò sẹ́ni tó wo ọ̀dọ̀ mi. Mo kọ orúkọ ara mi sínú ìwé, mo gbé e lọ bá oníbúrẹ́dì, mo ní Bàbá Alágogo pẹ́ o, ìṣẹ́jú méjìlá, ta ló máa fọwọ́ sí i. Ó bi mí bóyá ẹsẹ̀ mi ti gbẹ, ó gé búrẹ́dì fún mi.

Mi ò lè jẹ búrẹ́dì náà. Bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn ni mo wò, ohun tí mo sì rí níbẹ̀ ni ìwọ.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni ọ́. Ìyá rẹ ló fún ọ ní oúnjẹ ọ̀sán mi pé kó o gbé e wá sílé ìlagi. Òfin ni pé aago méjìlá la ń ti géètì, ó di aago kan ká tó ṣí i. O dé ní aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin. Òjò ń rọ̀. O dúró níta, o fi abọ́ mọ́ àyà, o yọjú láàárín irin géètì, o ní, “Bàbá, oúnjẹ yín ń tutù.” Mo wo aago, mo wo ojú ẹ, mo kọ orúkọ rẹ sínú ìwé, mi ò ṣí i. O dúró níbẹ̀ títí di aago kan. Mo sì ń fi yangàn, Abẹ́rẹ́. Mo ń sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ pé ọmọ bíbí inú mi pàápàá, mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ méjì ni ìyá rẹ ò fi bá mi sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ náà o ò pẹ́ síbì kankan mọ́, mo ní mo ti kọ́ ọmọ mi.

Ohun kan tún wà tí mi ò sọ fún ìyá rẹ. Nígbà tí ẹni tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ pè mí pé o ṣubú lórí àtẹ̀gùn, ohun tí mo kọ́kọ́ bi í ni pé ṣé o ti wọlé kó o tó ṣubú. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní ó dáa. Ìgbà yẹn ni mo tó wá béèrè bóyá o wà láàyè. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yẹn ti ń bá mi jókòó, mi ò mọ ibi tí màá gbé e sí, àfi ìgbà tí mo dé ìlú tí èèyàn ti lè pẹ́ kí wọ́n gé búrẹ́dì fún un. Mo ṣẹ̀ ọ́. Mo ń bẹ̀ ọ́.

Nítorí náà èsì rèé. Mo dá fọ́ọ̀mù rẹ padà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Wàá rí i pé apá ọ̀tún kún bámú, apá òsì ò ju ìlà mẹ́ta lọ, ṣùgbọ́n wo ibi tí mo kọ ọ́ sí pé kò ní sí géètì. Mo fa ọfà láti ibẹ̀ gba ẹ̀yìn ìwé wá sí apá òsì. Ibi tó o bá sùn náà ni wàá ti jí ṣiṣẹ́, mi ò sì tíì rí ẹni tó pẹ́ dé ibi tó ti wà tẹ́lẹ̀. Lẹ́tà rárá tí mo kọ nílé, ẹsẹ̀ tábìlì tó kúrú ni mo ká a sí lábẹ́, òun ni kò jẹ́ kí tábìlì yìí mì bí mo ṣe ń kọ̀wé sí ọ. Àwọn àgbà ní ibi tí abẹ́rẹ́ bá gbà ni okùn ń tọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, okùn ló ṣíwájú. Máa bọ̀.

Ní ti owó, má bínú. Okùn agogo ni mo kọ́kọ́ fẹ́, torí táì ilé ìlagi ti ń já, àti epo díẹ̀ tí màá fi pa ògùn-ún ara agogo rẹ́. Bá mi san owó ilé fún oṣù mìíràn sí i. Èmi ló máa wà ní yàrá iwájú, kì í ṣe torí fèrèsé, torí iṣẹ́ ni, mo gbọ́dọ̀ máa rí àpáta. Yàrá ẹ̀yìn dára fún ọ, kò sì sẹ́ni tó máa yọ ọ́ lẹ́nu níbẹ̀ ju aṣọ rọ́bà lọ. Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí ìyá rẹ, ó ní òun ń bọ̀ pẹ̀lú adìẹ pupa àti ọmọ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, mo sì ti sọ fún un pé kó mú ìwé géètì ọdún tó o jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ dání, torí àṣìṣe kan wà nínú rẹ̀ tí mo fẹ́ tún ṣe. Owó náà, má fi í ránṣẹ́ gba inú fóònù, kí obìnrin yẹn má lọ máa sọ fún mi pé ó ń bọ̀ ní aago méjì kọjá ogójì ìṣẹ́jú. Fi í rán èèyàn.

Ọlọ́run á tú ara rẹ sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ rẹ á máa rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń ti ilé ọ̀rẹ́ bọ̀. O ò ní ṣubú mọ́, níbi àtẹ̀gùn àti níbi gbogbo. Iṣẹ́ rẹ ò ní pa ọ́, ìsinmi rẹ ò ní sọ ọ́ di ọ̀lẹ. Wàá dàgbà, wàá darúgbó, wàá sì rí ẹni tó máa gbé oúnjẹ wá bá ọ, ọwọ́ rẹ á yá láti ṣílẹ̀kùn fún un.

Láti àárọ̀ ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí, omi sì ti fẹ́ kúrò lára àpáta báyìí, mo gbọ́dọ̀ dìde. Kó o kàn kọ̀wé sọ ọjọ́ tó ò ń bọ̀ fún mi, má sọ aago. Má sáré lọ́nà. Bó o bá rí ibi tó o fẹ́ dúró sí, dúró. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn agogo ló ń pẹ́, ọwọ́ mi sì ni agogo wà. Lọ́jọ́ náà, bí gbogbo ìlú bá ń pariwo, mi ò ní lù ú títí wàá fi dé.

Èmi ni bàbá rẹ,
akọ̀wé àsìkò tó fẹ̀yìn tì, tó tún ti wọṣẹ́ padà.